Ojú Àwo Kan Gbáko: Àtúnyẹ̀wò Orin Jùjú Ọdún 1970 sí 1979

Gbogbo ènìyàn ló gbà pé orin jùjú tí wọ́n gbé jáde láàárín ọdún 1970 sí 1979 kò tíì kú. Ẹ̀rí wọn kò sì jìnnà. Ekukáká ni wọn yóò fi ṣe òkú àgbà kan ní Oǹdó, tàbí ìwúyè kan ní Àkúrẹ́, tí orin Sunny Adé tàbí ti Ebenezer Obey kò ní dún níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000 mọ ègbè àwọn orin náà, wọ́n sì mọ ijó wọn. Èmi kò jiyàn pé wọ́n ń dún. Ohun tí ó ń dún gan-an ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, nítorí èrò mi ni pé ìdá kékeré ló ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́ nínú ohun tí àwọn olórin wọ̀nyí ṣe, ìdá kékeré náà kọ́ ló sì dára jù nínú iṣẹ́ wọn.

Àkúrẹ́ àti Oǹdó ni mo ti fẹ́ wo ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe Èkó tí àwọn ìwé sábà máa ń tẹjú mọ́. Èkó ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwo wà lóòótọ́, Èkó náà sì ni Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi orin yìí múlẹ̀ kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo tí wọ́n bá tẹ̀ l'Ékòó, ilé àgbẹ̀ kòkó, ilé tíṣà àti ilé òṣìṣẹ́ ìjọba ní irú àwọn ìlú wa yìí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló ń pe olórin sóde, àwọn náà ni orúkọ wọn ń jáde nínú orin. Ẹ má sì gbàgbé pé ọmọ ilé wa ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà. Òṣogbo ni wọ́n ti bí Sunday Adéníyì Adégẹ́yè lọ́jọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1946, ṣùgbọ́n ọmọ ọba Oǹdó àti Àkúrẹ́ ni. Bàbá rẹ̀ ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní Oǹdó ló wà nígbà tó dọ́gbọ́n sọ fún àwọn ará ilé pé Yunifásítì Èkó lòun ń lọ, tó sì gba ìdí orin lọ. Inú ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá, ẹni tí a wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá lẹ́yìn náà, ló ti kọ́ṣẹ́. Ní 1967 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Green Spots, èyí tí ó wá di African Beats.

Owó tó gbé orin náà dúró náà, a mọ ibi tó ti wá. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni kòkó ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Bí wọ́n bá ti ta kòkó tán lápá ìparí ọdún, ìgbà òde dé nìyẹn. Òkú tí wọ́n ti sin ní wéréwéré nígbà òjò, ìgbà náà ni wọn yóò tó ṣe é bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì gun òkè láti ọdún 1973, àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní owó Udoji sì tẹ̀ lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba àjẹsílẹ̀ owó oṣù lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ra alùpùpù, wọ́n ra gramafóònù. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ lọ́jọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ àti àwọn kọngílá tó ń tẹ̀ lé wọn tún wá fi kún àwọn tó lè pe olórin. Àkókò tí orin jùjú fi gbilẹ̀ jù gan-an ni gbogbo èyí bọ́ sí.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ owó. Kí ó tó di ọdún 1970, àwo kékeré ni olórin ń ṣe, èyí tí ojú rẹ̀ kan kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Irú rẹ̀ ni “Challenge Cup” tí Sunny Adé fi gba òkìkí ní 1968, nígbà tó kọrin nípa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores. Nígbà tí àwo ńlá tí wọ́n ń pè ní LP wá gbòde, ojú àwo kan lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìdínlógún sí ogún. Àwọn olórin ìlú mìíràn pín àyè yìí sí orin mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àwọn onijùjú kò pín in. Wọ́n mú ojú àwo náà gbáko, wọ́n sì lò ó fún ohun kan ṣoṣo tí kò dúró títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé àárín àwo.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe bó ṣe máa ń lọ fún ẹni tí kò tíì jókòó gbọ́ ọ rí. Jíta àkọ́kọ́ ni yóò sọ ọ̀rọ̀ ṣókí, bí ẹni tó ń kí ará ilé kó tó wọlé. Jíta kejì yóò dá a lóhùn, ìkẹta yóò wọlé lábẹ́ wọn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àkúbà yóò gbà á. Kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, gángan ti ń fọhùn. Olórin yóò fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, elégbè yóò gbè é, orin yóò sì máa wọ inú orin láìsí ìdúró: ọ̀rọ̀ ìyànjú, ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ọ̀rọ̀ ọ̀tá, orúkọ ẹni tí wọ́n ń kì pẹ̀lú ìlú rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀. Níbi ìṣẹ́jú kẹwàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ohùn ènìyàn yóò dákẹ́. Ìlù nìkan ni yóò kù. Èmi ka ibí yìí sí ọkàn iṣẹ́ náà. Ohun tí olórin ti sọ ní gbangba ni gángan yóò tún sọ lọ́nà tirẹ̀, yóò fi òwe kún un, yóò ta ẹnìkan lọ́rọ̀, yóò yin ẹlòmíràn, ẹni tó gbọ́ ìlù nìkan ni yóò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá lórí òun. Rasaki Aladokun tó ń lu gángan nínú ẹgbẹ́ African Beats mọ iṣẹ́ yìí dé góńgó. Nígbà tí ègbè bá fi máa padà wọlé lẹ́yìn ìlù, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ti ní ìtumọ̀ mìíràn, nítorí ohun tí ìlù ti sọ sí i.

Àwo Sunny Adé kan wà lọ́wọ́ mi tí bàbá mi rà nígbà náà. Igun páálí rẹ̀ ti ya, wọ́n sì ti fi sẹ́lòtéèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀ nígbà pípẹ́, tó fi jẹ́ pé sẹ́lòtéèpù náà ti di pupa rúsúrúsú. Ní ẹ̀yìn páálí, bàbá mi fi báírò aláwọ̀ búlúù kọ orúkọ gbogbo àwọn tí olórin kì lójú àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn. Ó fa ìlà sábẹ́ orúkọ mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta yìí ló mọ̀. Ó kọ “oníkòkó” sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, ó kọ “ará Òkè-Lísà” sí ẹ̀gbẹ́ èkejì, ó kọ “ti kú” sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kẹta pẹ̀lú báírò mìíràn tó jẹ́ dúdú, ìyẹn ni pé ó padà sórí àkọsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbọ́ orin yìí nìyẹn. Ìròyìn ìlú ni, ìwé ìtàn ni, ẹni tó jókòó ti gramafóònù sì ń kà á bí ó ṣe ń gbọ́ ọ.

Ní òde òní, ẹ wo bí orin kan náà ṣe ń dún. Ọmọkùnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká gbé orin jáde lóde yóò fi ègbè kan sí i fún ìṣẹ́jú kan, ó pọ̀ tán ìṣẹ́jú méjì, kó tó fò sí òmíràn. Àwọn ẹgbẹ́ olórin tó ń ṣeré lórí ìjókòó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n mú ègbè márùn-ún láti inú àwo márùn-ún, wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n fi orúkọ olówó tó wà níwájú wọn sí i. Ibi tí ìlù ti ń dá sọ̀rọ̀ kò sí mọ́. Àwọn ará àtijọ́ tí wọ́n kì nínú àwo kò sí mọ́. Ègbè nìkan ló kù, nítorí ègbè ló ṣe é gé.

Àwọn kan máa ń di gbogbo ẹ̀bi yìí lé àwọn ọmọ ìsinsìnyí lórí, wọn kò sì tọ̀nà. Gígé náà ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́, láti ọwọ́ àwọn tó nífẹ̀ẹ́ orin náà. Ní 1982, ọdún kan lẹ́yìn ikú Bob Marley, ilé-iṣẹ́ Island ní Lọ́ńdọ̀nù gba Sunny Adé. Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bójú tó àwo tí wọ́n pè ní Juju Music. Orin méje ló wà nínú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ohun tí Sunny Adé ti ṣe tẹ́lẹ̀ ní Nàìjíríà: “Sunny Ti De” ti jáde ní 1974, “365 Is My Number” ní 1978. Wọ́n gé wọn kúrú kí òyìnbó lè gbọ́ wọn tán. Àwo náà dára, n kò ní sọ pé kò dára. Jíta onírin tí Demola Adepoju ń ta nínú “Ja Funmi” kò ṣe é gbàgbé. Ṣùgbọ́n àwo yìí ni ayé wá mọ̀. Nígbà tí a bá ń ka orin Sunny Adé tó pẹ́ jù láyé lónìí, “Ja Funmi” ni púpọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, a sì máa ń kà á mọ́ iṣẹ́ ọdún 1970 sí 1979, bẹ́ẹ̀ òkìkí tó gbà jẹ́ ti àwo 1982. Ẹ̀dà kékeré ti bo ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ fi wọn àwọn orin náà kò le. N óò béèrè pé: orin tó pẹ́ yìí, kí ló mú un pẹ́? “Ketekete” ti Obey tí ó wà nínú àwo ọdún 1973 yege. Ìtàn bàbá, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jẹ́ àlọ́ tó ti yí ayé ká. La Fontaine sọ ọ́ ní èdè Faransé. Obey mú un, ó sọ ọ́ di ti Yorùbá pátápátá, débi pé àwọn ọmọ iléèwé ń rò pé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá ńlá wa ló ti wá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní láti mọ orúkọ ẹnikẹ́ni kí ó tó yé e. Irú ìdí kan náà ló jẹ́ kí “Sweet Mother” ti Prince Nico Mbarga, tó jáde ní 1976, wọ gbogbo ilé láti Calabar dé Àkúrẹ́, tí àwọn olùgbọ́ BBC sì yàn án ní 2004 gẹ́gẹ́ bí orin tí wọ́n fẹ́ràn jù ní Áfíríkà. Orin tó bá ní ìtàn tirẹ̀ nínú, tàbí tó bá ń sọ ohun tí gbogbo ènìyàn ní, kò nílò àlàyé.

Èyí tí mo fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni àwọn orin tí kò ní ju ìyìn owó lọ. Wọ́n pọ̀, wọ́n sì tún wà lára èyí tó gbajúmọ̀ jù lóde òní, nítorí ó rọrùn láti yọ orúkọ olówó àná kúrò kí a fi ti olówó òní rọ́pò. N kò rí ohun tó yẹ kí a gbé lárugẹ nínú wọn àfi jíta wọn. Àwọn orin tó ń dá obìnrin lẹ́bi fún gbogbo wàhálà inú ilé náà wà, èyí tí a ń jó sí láìronú sí ọ̀rọ̀ inú wọn. Ìgbà wọn ti kọjá, kí wọ́n máa lọ. Orin ti Obey fún ètò “Operation Feed the Nation” ní 1976 bá ètò náà lọ, kò sì ṣe àjèjì, nítorí iṣẹ́ ìjọba ni ó ń kéde.

Ṣùgbọ́n nínú ọdún 1976 kan náà ni Sunny Adé gbé àwo ìdárò Ọ̀gágun Murtala Mohammed, olórí ìjọba ológun, jáde. Ẹ rò ó wò ní ti Àkúrẹ́: Murtala ló dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ lọ́jọ́ 3, oṣù Kejì, lọ́jọ́ 13, oṣù kan náà, wọ́n pa á. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ìpínlẹ̀ náà fi wà kí ẹni tó dá a sílẹ̀ tó kú. Ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ̀ wá di ìlú tó ń ṣọ̀fọ̀, àwo yìí sì ni ìgbà náà fi sílẹ̀ fún wa. N kò rántí ìgbà tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn lóde kankan ní Àkúrẹ́, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí kò ṣe é fi jó níbi ìgbéyàwó. Bí a bá ń tún ìtò orin ọdún mẹ́wàá yẹn ṣe, èmi yóò gbé e lọ sókè pátápátá.

Ọ̀rọ̀ Orlando Owoh yàtọ̀ díẹ̀, mo sì fẹ́ dúró tì í. Òun náà, Òṣogbo ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Ìfọ́n ni orísun rẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe kí ó tó bá ẹgbẹ́ òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá rìn. Orin rẹ̀ kì í ṣe jùjú gan-an. Ohùn rẹ̀ tó ha, jíta rẹ̀ tó ń fà, èdè Ọ̀wọ̀ àti pìjín tó ń dà pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tirẹ̀ ni. Nígbà tó kú lọ́jọ́ 4, oṣù Kọkànlá, ọdún 2008, àwọn tó dárò rẹ̀ jù ni awakọ̀, káfíńtà àti ọlọ́dẹ. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń ta ẹmu àti ẹran ìgbẹ́ lápá Ìṣinkàn àti Arákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́, wọ́n ṣì máa ń jẹ́ kí orin rẹ̀ dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kì òun níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń kánjú. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ fi wà ní odidi lọ́kàn àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ju iṣẹ́ àwọn tó lókìkí jù ú lọ.

Nípa ohun tó wó iṣẹ́ náà, kò gbọdọ̀ pẹ́ púpọ̀ lẹ́nu mi, nítorí a jọ rí i ni. Ní 1986 ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, náírà já wálẹ̀, wọ́n sì pa àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó rẹ́ lọ́dún kan náà. Ohun èlò tí wọ́n fi ń tẹ àwo, òkè òkun ló ti ń wá. Owó rẹ̀ kò ṣe é rà mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì gba ipò àwo, àwọn tó ń dà á kọ sì gba ipò àwọn tó ni ín. Orin fújì ti gba àwọn ọ̀dọ́. Shina Peters sọ jùjú di ọ̀tun pẹ̀lú àwo Ace ní 1989, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ yára, àyè kò sí nínú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ gígùn. Ní 1992 Obey kọjú sí iṣẹ́ ìwàásù. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, kò sẹ́ni tó ń tẹ LP mọ́ ní Nàìjíríà.

Àwọn kan yóò ní gígùn orin náà ló pa á, pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ogún ìṣẹ́jú mọ́. N kò gbà. Orin Fẹlá gùn bẹ́ẹ̀. “Zombie” ti 1976 gba ojú àwo kan. Gbogbo ayé ń gbọ́ ọ ní odidi títí di òní, àwọn ọ̀dọ́ Àkúrẹ́ pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìdílé Fẹlá di àwọn àwo rẹ̀ mú, wọ́n ń tún wọn tẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, pẹ̀lú àlàyé, ilé rẹ̀ sì ti di ibi àbẹ̀wò. Ti jùjú, ẹjọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sí. Sunny Adé àti ilé-iṣẹ́ African Songs ti pínyà ní 1974, nígbà tó sì fi dá Sunny Alade Records sílẹ̀, ìjà lórí ẹni tó ni àwọn ojúlówó téèpù kò parí. Ó tún bá wọn dé kóòtù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àgbà méjì bá ń fa téèpù kan, kò sẹ́ni tó máa tún un tẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ àròkọ yìí nísinsìnyí wà nínú òfin. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà fún ohùn tí a ká sílẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, bẹ̀rẹ̀ láti ìparí ọdún tó jáde. Ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin náà ṣì wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un, kí a sanwó tó bá tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ilé-iṣẹ́ lórí ohùn inú àwo tó jáde ní 1974 ti parí ní ìparí ọdún 2024. Lọ́dọọdún láti ìsinsìnyí, àwo ọdún kan mìíràn yóò máa bọ́ sílẹ̀. Kò sí ìdí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kò fi ní jókòó pẹ̀lú àwọn olórin àti ìdílé wọn, kí wọ́n ká odidi ojú àwo sílẹ̀ lọ́nà tó mọ́.

Ilé-iṣẹ́ rédíò ìpínlẹ̀, OSRC, wà ní Àkúrẹ́, yàrá àwo rẹ̀ kò sì kéré. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí wà ní Oǹdó láti 1963, wọ́n ń kọ́ni lórin níbẹ̀. Kí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Kí rédíò yọ̀ǹda wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti gbé ojú àwo kan sáfẹ́fẹ́ gbáko láìgé e, láìsọ̀rọ̀ sí i. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú báírò lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà tó ti pé ọgọ́rin ọdún ní Oǹdó, kí wọ́n fi orin náà gbọ́ wọn, kí wọ́n béèrè ta ni ẹni tí wọ́n kì yìí, iṣẹ́ wo ló ṣe, kí sì ni gángan ń sọ nípa rẹ̀. Àwọn tó lè dáhùn kò pọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí àwo bàbá yín sì wà nínú àpótí lókè àjà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á fún àwọn tó ń rà á lówó pọ́ọ́kú láti lọ tà lókè òkun. Ẹ nù ún, ẹ tò ó ní ìnàró, kí oòrùn má sì kàn án. Bí orúkọ ẹnìkan bá wà ní ẹ̀yìn páálí, ẹ bi ìyá yín pé ta ni, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.